Bí Iwájú Kò Bá Ṣeé Lọ Mọ́

Ní oṣù kẹrin ọdún 2007, iléeṣẹ́ Dell ní Amẹ́ríkà ṣe ohun kan tí a kì í sábà rí lọ́jà. Ọjà tuntun ti dé, ìpolówó rẹ̀ ń dún káàkiri ayé, síbẹ̀ Dell padà lọ gbé ọjà àtijọ́ jáde, ó tò ó sẹ́gbẹ̀ẹ́ tuntun, ó ní kí oníbàárà mú èyí tó bá wù ú. Ọjà tuntun náà ni Windows Vista, tí Microsoft gbé wá fún gbogbo ayé ní ọjọ́ 30 oṣù kìíní ọdún náà. Èyí àtijọ́ ni Windows XP, tó ti wà nílẹ̀ láti oṣù kẹwàá ọdún 2001. Kì í ṣe Dell ló dá a rò. Àwọn oníbàárà ló yọ ọ́ lẹ́nu pé XP làwọn ń fẹ́, kó má wulẹ̀ fi èyí tó ń dán lọ àwọn.

Àwọn àgbà ní bí iwájú kò bá ṣeé lọ, ẹ̀yìn a ṣeé padà sí. Òótọ́ ni, bí ẹ̀yìn bá ṣì wà níbẹ̀. Láti ìgbà Vista títí di òní, ohun tí mo rí ni pé àwọn tó ń ṣe kọ̀ǹpútà àti fóònù ń fún ọ̀nà ẹ̀yìn yìí pa díẹ̀díẹ̀. Lórí fóònù mìíràn lónìí, ẹni tó bá ti gba ẹ̀dà tuntun kò lè padà sí ti àná mọ́ láéláé, bó tilẹ̀ jẹ́ pé owó ara rẹ̀ ló fi rà á.

Ẹ jẹ́ ká kọ́kọ́ sọ ti Vista, torí ó nítàn.

Láti ọdún 2001 ni Microsoft ti ń mọ ọ́n bọ̀, Longhorn lorúkọ tí wọ́n ń pè é láàárín ara wọn. Iṣẹ́ náà lọ́jú pọ̀ débi pé ní 2004 wọ́n kó púpọ̀ nínú rẹ̀ tì, wọ́n tún bẹ̀rẹ̀ lákọ̀tun. Nígbà tí yóò fi jáde, XP ti lo ọdún márùn-ún lé díẹ̀ lọ́wọ́ aráyé. Gbogbo ẹ̀rọ ìtẹ̀wé, gbogbo skánà, gbogbo sọ́fítíwìà ìṣírò owó ọ́fíìsì ló ti mọ XP bí ẹni mowó.

Ibẹ̀ ni wàhálà ti bẹ̀rẹ̀. Kọ̀ǹpútà kì í dédé bá ẹ̀rọ ìtẹ̀wé sọ̀rọ̀. Sọ́fítíwìà kékeré kan tí àwọn oníṣẹ́ ẹ̀rọ ń pè ní dráífà ló ń bá wọn làjà. Vista yí bí dráífà ṣe ń ṣiṣẹ́ padà, pàápàá ti àwòrán ojú kọ̀ǹpútà, ọ̀pọ̀ àwọn tó ń ṣe ẹ̀rọ kò sì tíì parí tiwọn nígbà tó dé. Èèyàn á gbé kọ̀ǹpútà tuntun délé, á so prínta tó ti ń lò láti ọjọ́ yìí mọ́ ọn, prínta á sì dákẹ́ lọ gbári. Kọ̀ǹpútà náà sì tún lè dákú lójijì láàárín iṣẹ́. Nínú àwọn ìwé Microsoft tí ẹjọ́ kan tú síta lẹ́yìn náà, a rí i pé nínú gbogbo ìdákú Vista tí wọ́n ṣàkọsílẹ̀ rẹ̀ ní 2007, dráífà iléeṣẹ́ Nvidia nìkan ló fa nǹkan bí ìpín 29 nínú 100.

Vista tún wá jẹ́ oníbéèrè. Ẹ fẹ́ fi sọ́fítíwìà kan sí i, ojú rẹ̀ á ṣókùnkùn: ṣé ẹ gbà? Ẹ fẹ́ tún aago rẹ̀ ṣe, ó tún béèrè. Ní oṣù kẹrin 2008, níbi ìpàdé àwọn onímọ̀ ààbò kọ̀ǹpútà tí wọ́n ń pè ní RSA, ní San Francisco, ọ̀gá kan ní Microsoft sọ ọ́ ní gbangba pé àwọn mọ̀ọ́mọ̀ ṣe é kó máa bí èèyàn nínú ni, kí àwọn tó ń kọ sọ́fítíwìà lè yéé gba àṣẹ tí iṣẹ́ wọn kò nílò. Ó ṣeé ṣe kí èrò náà dára. Ṣùgbọ́n ẹni tó ra kọ̀ǹpútà láti máa fi tẹ lẹ́tà, kí ló kàn án nínú ẹgba tí wọ́n fẹ́ na àwọn oníṣọ́fítíwìà?

Èyí tó burú jù lójú tèmi ni ti sítíkà. Láti 2006, kí Vista tó dé, Microsoft ti fún àwọn tó ń ṣe kọ̀ǹpútà láyè láti lẹ sítíkà “Windows Vista Capable” mọ́ ọjà XP wọn, kí olùrà lè fọkàn balẹ̀ pé ohun tí òun ń rà yóò gbé Vista nígbà tó bá jáde. Púpọ̀ nínú wọn kò lè gbé ju Vista Home Basic lọ, èyí tí kò ní ojú dídán tí wọ́n ń fi polówó rárá. Àwọn olùrà gbé Microsoft lọ sí kóòtù ìjọba àpapọ̀ ní Seattle, ìyẹn ló sì jẹ́ kí íméèlì tí àwọn ọ̀gá iléeṣẹ́ náà ń kọ síra wọn di kíkà fún gbogbo ayé. Ọ̀kan fi hàn pé wọ́n dẹ ìlànà sítíkà yẹn kí Intel lè rí chipset 915 rẹ̀ tà. Òmíràn wá láti ọwọ́ Mike Nash, igbákejì ààrẹ ní Microsoft fúnra rẹ̀. Ó ra láptọ́ọ̀pù Sony nítorí sítíkà tó rí lára rẹ̀, ó san 2,100 dọ́là, ó sì ráhùn pé ohun tó kù sóun lọ́wọ́ kò ju ẹ̀rọ tí a fi ń ka íméèlì lọ. Adájọ́ Marsha Pechman gbà ní 2008 pé kí àwọn olùrà pawọ́ pọ̀ ṣẹjọ́ náà, ó sì gba àyè yẹn kúrò lọ́wọ́ wọn ní 2009. Ọ̀rọ̀ Nash kò kúrò nílẹ̀ ní tirẹ̀. Bí ọmọ onílé bá ń ṣìnà nínú ilé, ta ni yóò bá àlejò wí?

Báwo làwọn èèyàn wá ṣe padà? Ìwé àdéhùn Vista Business àti Vista Ultimate tó ń bá kọ̀ǹpútà tuntun wá ní ìlà kan nínú tí ọ̀pọ̀ kò kà: ẹni tó rà á lẹ́tọ̀ọ́ láti lo XP Professional dípò rẹ̀. Ó kàn máa wá síídì XP fúnra rẹ̀ ni, ó sì lè ní láti pe Microsoft lórí fóònù kí wọ́n tó ṣí i fún un. Ẹni tó ra Home Basic tàbí Home Premium, tó jẹ́ pé òun gan-an ni owó kò sí lọ́wọ́ rẹ̀, kò ní ẹ̀tọ́ yẹn. Ìpadàsẹ́yìn fúnra rẹ̀ ti di ọjà nìyẹn. Dell pàápàá, tó bẹ̀rẹ̀ bí olóore, ti ń gba owó lé e kí ọdún 2008 tó parí.

Àwọn ńláńlá kò tilẹ̀ lọ débi tí wọn yóò ti padà. Ní oṣù kẹfà ọdún 2008 ni ìròyìn gbé e pé Intel, ọ̀rẹ́ tímọ́tímọ́ Microsoft, kò ní fi Vista sí kọ̀ǹpútà àwọn òṣìṣẹ́ rẹ̀, tí wọ́n tó nǹkan bí 80,000. Ìwé ìròyìn InfoWorld ti bẹ̀rẹ̀ ẹ̀bẹ̀ kan láti ìbẹ̀rẹ̀ ọdún pé kí wọ́n má pa XP, ó lé ní 200,000 èèyàn tó fọwọ́ sí i. Microsoft kò gbọ́. Ní ọjọ́ 30 oṣù kẹfà náà, ó dáwọ́ títa XP dúró ní ọ̀pọ̀ ibi, ó wá yọ àwọn láptọ́ọ̀pù kéékèèké sílẹ̀, irú Eee PC ti Asus, torí Vista wúwo jù fún wọn. Ẹ ò rí i pé ẹni tó sọ pé XP ti gbó ṣì ń tà á.

Oṣù kan lẹ́yìn èyí ni Microsoft ṣe ìdánwò tó pè ní Mojave. Wọ́n kó àwọn tó kórìíra Vista jọ, wọ́n fi Windows tuntun kan hàn wọ́n, àwọn èèyàn náà yìn ín. Ìgbà náà ni wọ́n wá sọ fún wọn pé Vista náà ni. Gẹ́gẹ́ bí ìpolówó, ó gbọ́n. Ṣùgbọ́n kọ̀ǹpútà tí òṣìṣẹ́ wọn ti tò sílẹ̀, tí òun fúnra rẹ̀ sì ń fọwọ́ tẹ̀, ni wọ́n wò. Ẹnikẹ́ni nínú wọn kò gbé prínta ilé rẹ̀ dání wá.

Lọ́dọ̀ tiwa nígbà náà, ìjà yìí kò gba orí ìwé àdéhùn. Ẹni tó bá gbé láptọ́ọ̀pù Vista lọ sí Computer Village ní Ìkẹjà kò ní kí wọ́n bá òun ka òfin. Ó ní kí wọ́n bá òun fọ́máàtì rẹ̀, kí wọ́n fi XP sí i. Síídì XP kò wọ́n, ojúlówó tàbí àdàkọ. Ọ̀nà yẹn yá, ṣùgbọ́n ó ní ọ̀fìn nínú. Ẹni tó bá fọ́máàtì ti nu gbogbo ohun tó wà níbẹ̀ kúrò: àwòrán ìgbéyàwó, ìwé ẹ̀rí tí wọ́n ti skáànù sí i, iṣẹ́ àṣekágbá ọmọ yunifásítì. Lẹ́yìn ìyẹn, síídì XP lè má rí hard disk láptọ́ọ̀pù tuntun rárá, ojú kọ̀ǹpútà á kàn di aró ni. Oníṣẹ́ tó mọṣẹ́ á wọ ibi ètò ìpìlẹ̀ kọ̀ǹpútà tó ń jẹ́ BIOS, á yí ọ̀nà tó fi ń bá hard disk sọ̀rọ̀ láti AHCI sí IDE, á tún un bẹ̀rẹ̀. Èyí tí kò mọ̀ ọ́n á ní hard disk ti bàjẹ́. Bó bá sì wọlé tán, ó lè jẹ́ pé iléeṣẹ́ tó ṣe láptọ́ọ̀pù náà kò ṣe dráífà XP fún un, wáì-fáì kò ní ṣiṣẹ́, kò ní gbọ́ ohùn. Ẹni tó ń sá fún àìsí dráífà Vista tún pàdé àìsí dráífà XP.

Windows 7 dé ní oṣù kẹwàá 2009, ara sì tu gbogbo èèyàn. Windows 8 dé ní 2012 láìsí bọ́tìnì Start, ara tún ni wọ́n. Ní oṣù kìíní 2014, HP ń polówó kọ̀ǹpútà Windows 7 lórí íntánẹ́ẹ̀tì rẹ̀ pé ó ti padà dé torí pé aráyé bèèrè rẹ̀. N kò ní tẹnu mọ́ ìyẹn, torí ìtàn Vista náà ni, wọ́n kàn pààrọ̀ aṣọ rẹ̀.

Windows 10 ni ọ̀rọ̀ wà lára rẹ̀. Ó dé ní ọjọ́ 29 oṣù keje ọdún 2015, ọ̀fẹ́ sì ni fún odidi ọdún kan fún ẹni tó ń lo 7 tàbí 8.1. Ọ̀fẹ́ ọ̀hún kò dúró kí wọ́n pè é. Ó ń wọ kọ̀ǹpútà àwọn ẹlòmíràn láìjẹ́ pé wọ́n bèèrè rẹ̀, ó sì ju gígábáìtì 3 lọ. Ẹ̀yin tí ẹ ń ra dátà, ẹ mọ ohun tí ìyẹn ń jẹ́. Nígbà tó di oṣù karùn-ún 2016, ẹni tó bá rí ìkéde rẹ̀ lójú kọ̀ǹpútà, tó sì tẹ àmì X pupa láti pa á dé, Microsoft gbà pé ó ti fọwọ́ sí i nìyẹn. Obìnrin oníṣòwò ìrìn àjò kan ní California gbé wọn lọ sí kóòtù kékeré pé Windows 10 tí òun kò bèèrè ti sọ kọ̀ǹpútà iṣẹ́ òun di ahẹrẹpẹ. Kóòtù ní kí wọ́n san 10,000 dọ́là fún un. Microsoft fẹ́ pe ẹjọ́ kò-tẹ́-mi-lọ́rùn, ó tún fi í sílẹ̀, ó sanwó.

Síbẹ̀ ká sọ òdodo: Windows 10 fi bọ́tìnì ìpadàsẹ́yìn sí ibi tí gbáàtúù lè rí i. Bó bá ti wọlé, kì í pa ẹ̀dà àtijọ́ rẹ́ lójú ẹsẹ̀. Ó máa ń kó o sínú fódà kan tó ń jẹ́ Windows.old, bí onílé tó bá ayálégbé pa yàrá àtijọ́ mọ́ pẹ̀lú ẹrù inú rẹ̀, bóyá ilé tuntun kò ní bá a lára mu. Oṣù kan ni wọ́n fún èèyàn níbẹ̀rẹ̀. Ní oṣù kẹjọ 2016, wọ́n gé e sí ọjọ́ 10. Àlàyé Microsoft ni pé ọ̀pọ̀ ẹni tó ń padà ń padà láàárín ọjọ́ mélòó kan, àti pé Windows.old ń gba àyè lórí hard disk.

Èmi kò gbà pẹ̀lú wọn. Akọ̀wé owó tó ń san owó oṣù, ìparí oṣù ló máa tó ṣí sọ́fítíwìà tó fi ń ṣírò rẹ̀. Ọmọ iléèwé tó ń lo prínta nígbà ìdánwò, ìgbà ìdánwò ló máa mọ̀ pé prínta ti kọ̀. Ọjọ́ 10 tó fún ẹni tí kọ̀ǹpútà rẹ̀ kọ̀ láti tan. Ẹni tí ohun kan ṣoṣo bàjẹ́ lára tirẹ̀, níbi tí kì í dé lójoojúmọ́, kò tíì mọ̀ pé nǹkan ṣe é nígbà tí wọ́n ti ilẹ̀kùn.

Ìpadàsẹ́yìn kì í sì gba gbogbo nǹkan padà. Ní ọjọ́ 2 oṣù kẹwàá ọdún 2018, Microsoft gbé update Windows 10 kan jáde tó ń pa fáìlì àwọn èèyàn kan rẹ́ nínú Documents àti Pictures wọn. Kò pé ọ̀sẹ̀ kan tí wọ́n fi dá a dúró, ó sì di ọjọ́ 13 oṣù kọkànlá kí wọ́n tó tún gbé e jáde. Wọn kò sọ fún ẹni tó pàdánù fáìlì pé kó tẹ bọ́tìnì ìpadàsẹ́yìn. Ohun tí wọ́n sọ fún un ni pé kó dín lílo kọ̀ǹpútà náà kù, kó sì pe àwọn. Ìdí ni pé Windows.old ń tọ́jú Windows ni. Kì í ṣe ibi ìpamọ́ ìwé yín.

Ti fóònù tún le jù bẹ́ẹ̀ lọ. Ní ọjọ́ 24 oṣù kẹsàn-án ọdún 2014, Apple gbé iOS 8.0.1 jáde. iPhone 6 tí kò tíì lo ọ̀sẹ̀ kan lọ́jà pàdánù nẹ́tíwọ́ọ̀kì, kò sì dá ìka olówó rẹ̀ mọ̀ mọ́. Apple fa update náà sẹ́yìn lẹ́yìn nǹkan bíi wákàtí kan, ó kọ́ àwọn èèyàn bí wọn yóò ṣe gba orí iTunes padà sí 8.0, ó sì gbé 8.0.2 jáde lọ́jọ́ kejì. Ó ní fóònù tó kó sí i kò tó 40,000. Wọ́n tètè ṣe é, mo yìn wọ́n. Ṣùgbọ́n ẹ kíyè sí i pé Apple ló ṣí ọ̀nà ẹ̀yìn yẹn. Kí iPhone tó gba ẹ̀dà kankan, ó gbọ́dọ̀ kọ́kọ́ bi Apple bóyá ẹ̀dà náà ṣì ní ìfọwọ́sí. Kì í pẹ́ lẹ́yìn tí tuntun bá jáde tí Apple ń gba ìfọwọ́sí kúrò lórí ti àtijọ́. Láti ọjọ́ náà lọ, kò sí kọ́kọ́rọ́ mìíràn. Ẹni tó bá tilẹ̀ ráyè padà, tó wá jẹ́ pé orí ẹ̀dà tuntun ló ti tọ́jú àwọn nǹkan rẹ̀ pamọ́, iPhone kò ní gbà á wọlé sórí èyí tó ti pẹ́ jù ú lọ.

Android fúnra rẹ̀ mọ bí wọ́n ṣe ń padà. Láti Android 7.0, ní 2016, ọ̀pọ̀ fóònù ní àyè méjì nínú: ẹ̀dà tuntun á wọ àyè tó ṣófo nígbà tí ẹ ṣì ń lo ti àtijọ́, bí tuntun bá sì kọ̀ láti tan, fóònù á rọra padà síbi tó ti wà. Bí batiri bá kú láàárín iṣẹ́ náà, kò ní ba nǹkan jẹ́. Ọgbọ́n tó dára ni, pàápàá fún ìlú tí iná ti ń lọ nígbà tó bá wù ú. Àmọ́ bí tuntun bá ti lè tan báyìí, bó tilẹ̀ ń jẹ batiri bí iná ṣe ń jẹ pápá, fóònù gbà pé àlàáfíà ni, kò sì ní fún olówó rẹ̀ ní bọ́tìnì kankan. Ohun tó kù ni kó gbé e lọ kí wọ́n bá a fi kọ̀ǹpútà fílàṣì rẹ̀, ìyẹn náà kò sì dájú mọ́. Ní oṣù kẹjọ 2022, Google kìlọ̀ fún àwọn tó ní Pixel 6 pé bí wọ́n bá ti gba Android 13, wọn kò ní lè padà sí Android 12 mọ́.

Wọ́n ní ìdí, ìdí náà kì í sì í ṣe irọ́. Ihò kan wà nínú ẹ̀dà àtijọ́ Pixel yẹn tí ọ̀tá lè gbà wọlé, bí ọ̀nà ìpadàsẹ́yìn bá sì ṣí fún olówó fóònù, ó ṣí fún olè náà. Ẹ rántí fáírọ́ọ̀sì WannaCry, ní ọjọ́ 12 oṣù karùn-ún ọdún 2017, tó ti fáìlì àwọn èèyàn mọ́lé káàkiri ayé, tó sì jẹ́ kí ọ̀pọ̀ ilé ìwòsàn ìjọba ní Britain dá aláìsàn padà sílé. Wọ́n tètè di ẹ̀bi rẹ̀ ru XP, tí ìtọ́jú rẹ̀ ti parí láti ọjọ́ 8 oṣù kẹrin 2014. Àmọ́ Windows 7 tí wọn kò fún ní update ààbò oṣù kẹta ọdún 2017 ló pọ̀ jù nínú àwọn tó kó sí i. Ó yẹ kí ìyẹn là wá lójú. Ẹ̀dà àtijọ́ tí wọ́n ṣì ń tọ́jú, tó sì ń gba update rẹ̀ déédéé, kì í ṣe ewu. Èyí tí wọ́n ti pa tì ni ewu. Ẹni tó bá fẹ́ padà sí ti àkọ́kọ́ kò yẹ ní ẹni tí wọ́n ń ti ilẹ̀kùn mọ́ bíi pé ti èkejì ló fẹ́.

Windows 10 pàápàá ti wọ ẹgbẹ́ àwọn tí wọ́n pa tì. Ọjọ́ 14 oṣù kẹwàá ọdún 2025 ni Microsoft fi òpin sí ìtọ́jú rẹ̀, ọ̀pọ̀ kọ̀ǹpútà tó sì ń ṣiṣẹ́ dáadáa ni Windows 11 kò gbà torí pé wọn kò ní chip ààbò tó ń jẹ́ TPM 2.0. Ẹ̀yin tí tiyín gbà á, ọjọ́ 10 náà ni wọ́n fún yín. Kí ẹ tó bẹ̀rẹ̀, ẹ da ìwé àti àwòrán yín kọ sórí hard disk mìíràn, kí ẹ sì yọ ọ́ kúrò lára kọ̀ǹpútà. Ẹ rí i pé batiri kún. Bí Windows 11 bá wọlé tán, kí ọjọ́ 10 yẹn tó pé, ẹ ṣí Command Prompt gẹ́gẹ́ bí alákòóso, kí ẹ tẹ DISM /Online /Set-OSUninstallWindow /Value:60, ọjọ́ 10 á di 60. Microsoft ló fi àṣẹ náà síbẹ̀, wọn kò kàn fi í síbi tí èèyàn lè rí i.

Fún ti fóònù, kò sí àṣẹ tí mo lè kọ́ yín. Ìdí nìyẹn tí mo fi ń ké sí àjọ FCCPC, tí òfin ọdún 2018 gbé kalẹ̀ láti máa gbèjà oníbàárà ní Nàìjíríà. Kí wọ́n jẹ́ kó di dandan fún gbogbo iléeṣẹ́ tó ń ta fóònù àti kọ̀ǹpútà nílẹ̀ yìí láti kọ ọ́ sókè bọ́tìnì update, ní èdè tó yé èèyàn, bóyá ọ̀nà ìpadàsẹ́yìn wà tàbí kò sí, àti iye ọjọ́ tí yóò fi wà ní ṣíṣí. Kò ju ìlà méjì lọ, kò sì ní ná wọn ní kọ́bọ̀.